Ẹ wọn àyè afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wọn ẹ̀rọ: lórí híìtì pọ́ǹpù nínú yàrá tó há

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tá a mú wá dá lórí ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, pàápàá oríṣi tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tí wọ́n ń pè ní híìtì pọ́ǹpù: ó ń mú yàrá tutù nígbà ooru, ó sì ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù. Àwọn tí ilé wọn há, tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ òkè ilẹ̀kùn, inú kọ̀rọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí: "Ṣé á gba ibẹ̀?" Lọ́pọ̀ ìgbà, á gba ibẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ló ń wá àyè lára ògiri yẹn: ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ tó máa gba inú ẹ̀rọ kọjá, àti ọwọ́ ẹni tó máa tú u wò lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀n.

Ẹ̀rọ yìí kì í dá òtútù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í dáná. Ooru ló ń kó láti ibì kan lọ síbòmíràn, gáàsì tó ń yí po nínú páìpù bàbà ló sì fi ń kó o. Nígbà ooru, á kó ooru inú yàrá dà síta. Nígbà òtútù, fáàfù ọlọ́nà mẹ́rin tó wà nínú apá ìta, ìyẹn apá kejì ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé síta ilé, á yí ọ̀nà gáàsì padà, á wá máa kó ooru láti ìta wọlé. Ìdí nìyẹn tí iná kílówáàtì kan fi lè gbé ooru kílówáàtì mẹ́ta wọlé nígbà tí òtútù ìta ò bá tíì mú jù, ohun tí híítà oníwáyà ò lè ṣe láéláé. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru náà wá bá páìpù, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń gbé e lọ. Ẹni tó bá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti dí ohun tó torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ.

Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn, ibi tí ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń lọ. Ká ní àjà ga ní 240 cm, tí férémù ilẹ̀kùn sì parí sí 210 cm. Ó ku 30 cm. Apá inú ẹ̀rọ 9,000 tàbí 12,000 BTU (BTU ni òṣùwọ̀n agbára ẹ̀rọ) sábà máa ń ga tó 28 sí 30 cm, á sì gùn tó 75 sí 90 cm. Ẹni tó fi téèpù wọ̀n ọ́n á ní ó gbà á géérégé. Ẹ gun àga kí ẹ wo orí ẹ̀rọ náà: òkè yẹn ni imú tó fi ń mí wà. Afẹ́fẹ́ yàrá ń gba òkè wọlé, ó ń gba inú asẹ́ àti páìpù tútù kọjá, ó sì ń gba ìsàlẹ̀ iwájú jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ ló ń béèrè 10 sí 15 cm láàárín orí ẹ̀rọ àti àjà, àwọn kan gbà kó jẹ́ 5 cm. Nígbà tó bá ku 2 cm péré, afẹ́fẹ́ tútù tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde kò ní rí ọ̀nà lọ, òun náà ni ẹ̀rọ á tún fà wọlé. Ohun kékeré tó ń wọn bí yàrá ṣe gbóná sí, ẹnu ọ̀nà ìwọlé afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ló wà. Á rí afẹ́fẹ́ tútù, á gbà pé yàrá ti tutù, ẹ̀rọ á sinmi, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á sì máa làágùn. Tó bá pẹ́, yìnyín á bo páìpù inú rẹ̀, nígbà tí yìnyín náà bá yọ́, omi á dà sára ògiri. Ẹni tó ni ín á ní gáàsì ló tán. Oníṣẹ́ tí kò gbọ́n á dà gáàsì sí i, á sì bà á jẹ́ pátápátá.

Nígbà tá a bá ń mú yàrá gbóná, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí ooru fúnra rẹ̀ máa ń lọ sókè. Ẹ̀rọ tó lẹ̀ mọ́ àjà á gbóná lórí, ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó á sì tutù. Nínú ilé tí àjà rẹ̀ kò ga, ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn lábẹ́ ló dáa, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ga tó 2 mítà sílẹ̀, kí àlàfo òkè sì pé bí ìwé ẹ̀rọ ṣe wí. Ẹ fi 10 sí 15 cm sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tá a bá dojú kọ ẹ̀rọ, ni pátákó iná rẹ̀ máa ń wà, nítorí náà kí ọ̀tún yẹn má lẹ̀ mọ́ igun ògiri débi tí ìka ò fi ní wọ ibẹ̀.

Yàrá tóóró tó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri kúkúrú la ń gbé ẹ̀rọ kọ́, kí afẹ́fẹ́ lè ti ìbẹ̀rẹ̀ yàrá rìn dé òpin rẹ̀. Ẹni tó gbé e kọ́ ògiri gígùn nínú yàrá tó fẹ̀ ní 2 mítà, ògiri iwájú ni afẹ́fẹ́ á lọ gbá, á sì padà sínú ẹ̀rọ. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ga dé àjà níwájú ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà. Kọ́tìnì tó ń fẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ gé e kúrú tàbí kí ẹ sún ẹ̀rọ. Àwọn kan sì máa ń kan àpótí onígi yí ẹ̀rọ po kó má bàa hàn. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú àpótí bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ńlá gbá yàrá kékeré mọ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ yàrá kékeré, 9,000 BTU, tó jẹ́ kílówáàtì 2.6, tó. Ẹ̀rọ tó tóbi jù á mú afẹ́fẹ́ tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì sinmi kó tó fa ọ̀rinrin kúrò. Ara á wá tutù bí ẹni wọ aṣọ tí kò gbẹ, ògiri á máa làágùn, èébu á hù lẹ́yìn àpótí. Ẹ̀rọ oní-inverter máa ń dín agbára rẹ̀ kù, àmọ́ ó ní ibi tí kò lè dín in kù dé.

Iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ láti ara irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ máa kọ́. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ gbé e sí ògiri pẹ̀lú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ẹ sàmì sí ihò súkúrù, ó kéré tán márùn-ún tàbí mẹ́fà, pẹ̀lú rọ́bà fíṣà tó bá ògiri mu. Ẹ̀rọ kékeré ń wúwo tó kílò 8 sí 10, ẹrù yẹn kò pọ̀ fún ògiri búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n ògiri pákó tàbí ti pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, igi tó wà nínú rẹ̀ ni súkúrù gbọ́dọ̀ wọ̀. Tí ẹ̀rọ bá dagun díẹ̀ sí apá tí páìpù omi kò sí, omi á gba etí àwo tó ń gba omi nínú rẹ̀ dà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ihò ògiri, bíi 65 mm ní fífẹ̀. Kí ẹ tó lù ú, ẹ wá wáyà iná àti páìpù omi tó wà nínú ògiri. Ẹ jẹ́ kí ihò náà rọ̀ sísàlẹ̀ lọ síta, kí ẹnu rẹ̀ ti ìta fi 5 sí 10 mm rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Nínú yàrá tó há, ìbéèrè tó ń yọ oníṣẹ́ lẹ́nu ni apá ibi tí páìpù máa gbà jáde. Páìpù ẹ̀rọ ti ọ̀tún jáde lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fi í ránṣẹ́. Tí ihò bá wà lápá òsì, a gbọ́dọ̀ na páìpù sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí a sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbà ń gba irú títẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́, kí ẹ nà án, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Á ká, á sì pelẹbẹ níbi tó ti tẹ̀. Páìpù tó pelẹbẹ kò ní jò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ kí gáàsì kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ á sì máa ṣe bí ẹni tí gáàsì kò tó fún. Oríkèé tí a fi nọ́ọ̀tì dè, ẹ má jẹ́ kó sùn sínú ihò ògiri. Ibẹ̀ ni jíjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tó bá sì jò sínú ògiri, ẹni tó máa tún un ṣe á ní láti fọ́ ògiri kó tó lè dé ìdí ẹ̀.

Àwọn tó gbé apá inú àti apá ìta kọ́ ẹ̀yìn ara wọn, tí ògiri kan ṣoṣo pín wọn níyà, máa ń yọ̀ pé páìpù mítà kan tó. Ẹ má tètè yọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní gígùn páìpù tí kò gbọ́dọ̀ dín sí, mítà 3 ló sì wọ́pọ̀ jù. Páìpù tó kúrú jù lọ á gbé ìró kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (ohun tó ń ti gáàsì yí po) àti híhó gáàsì wá sí etí ẹni tó ń sùn, ó sì lè jẹ́ kí gáàsì tó ṣì jẹ́ olómi padà sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, èyí tó ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí páìpù pé mítà 3, kí ẹ yí èyí tó ṣẹ́ kù po bí òrùka ńlá lẹ́yìn apá ìta, kí òrùka náà sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó má bàa máa há ọ́ìlì mọ́lẹ̀. Fún ẹ̀rọ 9,000 sí 12,000 BTU, páìpù 1/4 ínṣì àti 3/8 ínṣì ló wọ́pọ̀. Ẹ fi rọ́bà wé méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àwọn kan ń wé èyí tó nípọn nìkan, wọ́n ní òun ló ń tutù. Lára ẹ̀rọ yìí, ibi tí gáàsì ti ń fẹ̀ wà nínú apá ìta, nítorí náà páìpù méjèèjì ló ń tutù, méjèèjì ló ń làágùn.

Fífẹ ẹnu páìpù, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gáàsì ti ń sá lọ. Ẹ fi ohun tí ń gé páìpù tó ń yí po gé e, ẹ má fi ayùn gé e. Lẹ́yìn gígé, ètè bàbà á yí wọnú díẹ̀. Ẹ dorí páìpù kodò kí ẹ tó ha á, kí eérú bàbà má bàa bọ́ sínú páìpù. Ẹ ti nọ́ọ̀tì sára páìpù kí ẹ tó fẹ ẹnu rẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ ló ti gbàgbé èyí rí, tó sì gé ẹnu páìpù tó ti fẹ̀ tán dànù. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ bí ẹnu àrọ, ní ìwọ̀n 45, kó dán, kó má ní ìlà, kó sì rí roboto. Ẹ kan ọ́ìlì tí a ń lò fún ẹ̀rọ amúlétutù díẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì lọ títí tó fi dúró. Ìgbà náà lẹ tó mú sípánà tó ní òṣùwọ̀n: 14 sí 18 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) fún 1/4 ínṣì, 33 sí 42 Nm fún 3/8, 50 sí 62 Nm fún 1/2. Ẹ fi sípánà kejì di oríkèé mú kí páìpù má bàa lọ́. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fún nọ́ọ̀tì rò pé òun ń dènà jíjò. Ńṣe ló ń fọ́ ètè bàbà.

Páìpù ti so tán, ó wá ku afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀. Náítírójìn ni kí ẹ fi dán an wò, bíi 400 sí 500 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) fún ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì R410A tàbí R32, kó má sì kọjá èyí tí ìwé ẹ̀rọ kọ. Ẹ fi ọṣẹ olómi pa gbogbo oríkèé, ẹ wo ibi tí ìfófòó ti ń yọ. Ẹ má lo ọ́síjìn láé: tó bá pàdé ọ́ìlì nínú páìpù, bọ́ǹbù ni. Lẹ́yìn náà, ẹ so pọ́ǹpù afamí mọ́ ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ tó wà lára fáàfù tó tóbi, ẹ jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ títí géèjì á fi wá sí ìsàlẹ̀ 500 máíkírọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú páìpù. Ẹ ti ọ̀nà pọ́ǹpù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí nọ́ńbà bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró, ọ̀rinrin ló kù, ẹ tún fà á. Tó bá ń gòkè lọ láìdúró, ó ń jò.

Àwọn tó ń yára á ní kò yẹ ká ṣe gbogbo èyí. Wọ́n á ṣí fáàfù díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí gáàsì ti afẹ́fẹ́ jáde ní orí nọ́ọ̀tì kejì, wọ́n á ní ó ti mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ìrì gan-an ló sì ń wó ti ẹ̀rọ yìí. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀rọ R410A àti R32 ń fa omi mọ́ra gan-an. Omi náà á sọ ọ́ di kíkan, kíkan á jẹ wáyà inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá jó, bíi ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn, iná mànàmáná ni gbogbo èèyàn á dá lẹ́bi.

Ní ti omi, bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, ẹ̀rọ kékeré lè tú lítà kan jáde ní wákàtí kan. Páìpù omi gbọ́dọ̀ máa rọ̀ sísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan, kó má ga sókè níbì kankan, kí ìdí rẹ̀ má sì wọ inú omi garawa. Kó wà lábẹ́ páìpù bàbà nínú ìdì tí a fi téèpù wé. Tó bá wà lókè, omi inú àwo ẹ̀rọ lè kún dà sínú yàrá. Kí ẹ tó gbé iwájú ẹ̀rọ padà, ẹ da omi ìgò kan sínú àwo rẹ̀ kí ẹ lọ síta lọ wo bó ṣe ń ṣàn. Níbi tí kò ti sí ọ̀nà tí omi lè gbà rọ̀, pọ́ǹpù omi kékeré wà, àmọ́ ẹ so wáyà ìdáàbòbò rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè dúró nígbà tí pọ́ǹpù bá kú. A kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo pọ́ǹpù nínú yàrá ìsùn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Á máa kùn ní òru.

Apá ìta ló ń jìyà jù nínú ilé tó há: bákónì kékeré, àlàfo láàárín ilé méjì, ihò ògiri tí ayàwòrán ilé fi irin bò. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń mí sínú, iwájú ló ti ń mí jáde. Ìwé ẹ̀rọ á sọ iye rẹ̀ fún yín. 10 sí 30 cm lẹ́yìn ló wọ́pọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí fáàfù wà sì nílò bíi 60 cm torí ọwọ́ àti sípánà. Iwájú rẹ̀ ni kó ṣí sílẹ̀ jù lọ. Tó bá ń fẹ́ lu ògiri tó sún mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ gbígbóná á yí padà wọ ẹ̀yìn, ìfúnpá á lọ sókè, iná tó ń jẹ á pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á sì máa kú ní ọ̀sán gangan, tí á tún máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní alẹ́. Tí ẹ bá rí irú àmì yìí, ẹ lọ wo iwájú apá ìta kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wọn gáàsì. Ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù ló ń yí padà, yìnyín á sì tètè bò ó. Á wá máa dúró lemọ́lemọ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láti yọ́ yìnyín náà. Omi yẹn ń kán láti apá ìta, nítorí náà ẹ má gbé e sórí ibi tí èèyàn ń gbà kọjá.

Iná: búrékà tirẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà ilẹ̀ tó dájú, ìwọ̀n wáyà bí ìwé ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́. Wáyà tó so apá inú mọ́ apá ìta ní ọ̀kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gbé iná, ẹ̀rọ á kọ àmì àṣìṣe, ó sì lè jó pátákó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa gáàsì R32. Ó lè gbaná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò á rọra tẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi máa ń ní tábìlì tó ń sọ bí yàrá ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ó kéré tán, fún iye gáàsì tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ fi páìpù tó gùn kún un, tó sì fẹ́ fi gáàsì kún un, kó padà lọ wo tábìlì náà, torí gáàsì ti pọ̀ sí i, yàrá kò tóbi sí i.

Kí oníṣẹ́ tó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ ní kó ṣí iwájú ẹ̀rọ sókè pátápátá níṣojú yín, kó yọ asẹ́ méjèèjì jáde, kó sì dá wọn padà. Bí iwájú náà bá kọ lu àjà kó tó ṣí tán, tàbí tí asẹ́ bá há mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ní kó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ nígbà tí súkúrù ṣì jẹ́ tuntun, torí oṣù tó ń bọ̀ ni asẹ́ yẹn máa nílò fífọ̀.

Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù